Hájà Ni Igi Kẹtàdínlógún

Bir Jadid,
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

Wasila, ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó máa bá ọ gbé ní Tunis níbẹ̀, kí ó ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé rẹ, kí ó má jẹ́ kí ọkọ̀ ojú irin tí ò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, kí ó fún ọ ní ọ̀gá tí kì í jágbe mọ́ni, kí ó sì jẹ́ kí àtẹ̀gùn ilé gíga tí ò ń gùn lójoojúmọ́ yẹn rọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀. Àmín. Àwa náà wà. Ara wa dá bí ara arúgbó ṣe ń dá. Ó ti rẹ̀ mí, Wasila, ṣùgbọ́n a dúpẹ́.

Mo mọ̀ pé wàá béèrè pé kí ló dé tí bàbá mi kò fi pè mí lórí fóònù tí mo rà fún un. Mo pè ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pè ọ́ lọ́sẹ̀ yìí, bí mo bá sì ti kí ọ tán tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ gan-an, obìnrin inú fóònù yẹn á bọ́ sí i, á ní owó mi ti tán. Mo ṣàlàyé fún un pé ọ̀rọ̀ ẹbí ni, pé kí ó ní sùúrù díẹ̀, pé èmi náà ní ọmọbìnrin bíi tirẹ̀, kò dá mi lóhùn, ńṣe ló tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ ní èdè Faransé. Mo wá rò ó pé ọ̀rọ̀ yìí kì í tilẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń sọ kí obìnrin ẹlòmíràn jókòó tì í. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ ra ìwé àti gègé.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ ni. Ọdún mẹ́ta rèé tí mo sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn pé ọmọ mi kò ní wọ ilé Munji, pé ilé tó kó ikú wá bá igi ọsàn wa kò gbọdọ̀ tún kó ọmọ mi mọ́ ọn. A ti ka Fátíhà àdéhùn ìgbéyàwó lórí ìwọ àti Anis ọmọ rẹ̀ nígbà náà, mo sì tú u ká. O gbé báàgì rẹ lọ́jọ́ Ajé, o kí ìyá rẹ, o ò kí mi. Mo rò pé mo jàre nígbà yẹn. Mi ò jàre. Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, kí o má sì sáré lọ ka ìsàlẹ̀ ìwé kọ́kọ́, mo mọ̀ ọ́ dáadáa.

Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Òdòdó ọsàn kò pọ̀ lọ́dún yìí, ìkòkò bàbà tí à ń fi sè é kò lò ju ọjọ́ méjì lọ lórí iná, nígbà kan rí ọjọ́ mẹ́wàá ni, ilé yóò máa rùn dáadáa títí dé ojú títì. Ìgò mẹ́fà péré ló rí fà nínú rẹ̀, ó ti fi méjì pamọ́ fún ọ sẹ́yìn àpò ìyẹ̀fun, ó rò pé mi ò rí i. Ológbò ti bímọ sínú ìkòkò náà. Lẹ́mọ́mù tuntun tí wọ́n gbé wá ń sáré kírun, kí orúnkún mi tó kanlẹ̀ ó ti dìde, mo ń bá a bọ̀ lẹ́yìn ni. Nínú igi ọgọ́fà tí bàbá mi fi sílẹ̀, ọgbọ̀n ó lé ẹyọ kan ló kù. O mọ bí wọ́n ṣe ń kú, ewé á rọ lọ́jọ́ Ajé, tí yóò bá fi di ọjọ́ Jímọ̀ igi ti gbẹ ní ìdúró, ọsàn á ṣì so rọ̀ lórí rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò ká a.

Mi ò ní láti rán ọ létí bó ṣe bẹ̀rẹ̀, àmọ́ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ọkàn mi lè fúyẹ́. Nígbà tí Munji ti Ítálì dé, ó kó igi ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́ta bọ̀ nínú aṣọ tútù, ó gbìn wọ́n sí ẹnu ààlà èmi àti òun. Ọdún kejì ni ikú igi bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ ní ilé kọfí pé ojú ọ̀nà tí àrùn gbà wọlé rèé, mo sì sọ ọ́ sókè. Ẹyin lohùn. Láti ọjọ́ náà kò sẹ́ni tó bá Munji jókòó mu kọfí mọ́, kò sẹ́ni tó bá a kórè, nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ènìyàn mẹ́sàn-án ló tẹ̀ lé òkú, mi ò sí nínú wọn.

Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Rim dé láti ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí ọ̀gbìn. Ó wọ ṣòkòtò, bàtà rẹ̀ kún fún eruku, ó mọ ọsàn ju lẹ́mọ́mù lọ. Ó ní òun fẹ́ mọ ohun tó ń pa igi wa gan-an, pé òun ní ẹ̀rọ tí yóò sọ orúkọ rẹ̀. Ó fún wa ní fọ́ọ̀mù. Fọ́ọ̀mù náà ní kí á kọ orúkọ olóko, kí á kọ ibi tí a ti mú ọ̀mùnú, ẹ̀ka tútù tí a gé lára igi kan tí a lọ́ mọ́ ìdí òmíràn, kí á tún kọ ìtàn igi. Ìlà kan péré ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ìtàn igi, ó yà mí lẹ́nu. Mo ní kí ó fún mi ní ìwé sí i. Mo kọ ọ́ láti ọdún tí bàbá mi fi kóró gbin Hájà, bó ṣe jẹ́ pé ọdún tí ó kọ́kọ́ so ni bàbá mi lọ sí Mẹ́kà tí a fi sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, bí òyìnbó Faransé kan ṣe fẹ́ fi ẹṣin pààrọ̀ ilẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ tí bàbá mi kọ̀, bí a ṣe bí ọ nígbà tí ó ń tanná. Ojú ìwé mẹ́ta. Rim kà á tán níṣojú mi, kò yán lẹ́ẹ̀kan, Ọlọ́run yóò fún un lọ́kọ.

Oko tó fẹ́ dé pọ̀, oòrùn sì ti ń lọ, ni ó bá pín àpò kéékèèké fún wa, nọ́ńbà wà lára rẹ̀, tèmi jẹ́ kẹtàdínlógún. Ó ní kí kálukú lọ já ewé àti èèpo lára igi tó ń ṣàìsàn jù lọ nínú oko rẹ̀, kí ó kó o wá. Wasila, ìwọ náà gbé e yẹ̀wò. Àlejò ti olú ìlú wá, ó ní kí n fún òun ní ewé, kí n wá já ewé tó ti rọ fún un? Ta ló fún àlejò ní ọsàn tó ti dẹ̀ rí nínú ilé wa? Mo lọ sọ́dọ̀ Hájà. Mo ṣa ewé tó ń dán jù, mo fi omi òdòdó ọsàn fọ̀ wọ́n, mo fi aṣọ ìnujú ọdún nù wọ́n, mo tò wọ́n sínú àpò. Mo ní kí àwọn ará Tunis rí ohun tí à ń pè ní ewé. Ojú tún ń tì mí pé kí n fi nọ́ńbà pe Hájà, ni mo bá kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn àpò.

Rim kó ẹrù rẹ̀ sínú ilé ìkẹ́rùsí ẹgbẹ́ àgbẹ̀. Ó gún ewé, ó ń kán omi sí i ní ẹ̀kán ẹ̀kán bí ẹni ń po oògùn ojú, lẹ́yìn náà ó ta á sínú ẹ̀rọ kan tí kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Mo jókòó tì í. Mo ní kí ni ẹ̀rọ náà ń ṣe, ó ní ó ń kàwé. Mo ní ìwé wo, ó ní èyí tó wà nínú ewé. Mo béèrè bóyá Lárúbáwá ni tàbí Faransé. Ó ní kì í ṣe èyíkéyìí, pé lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n fi kọ ọ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Àwa ní méjìdínlọ́gbọ̀n, a ò sì tíì lè sọ ohun tó wà lọ́kàn wa. Mo sọ fún un pé mẹ́rin kò tó kọ orúkọ mi, Hamadi, ó sì dáhùn pé mẹ́rin yẹn náà ni wọ́n fi kọ èmi gan-an láti orí dé àtàǹpàkò, pé òun náà àti ọsàn àti kòkòrò tó ń pa ọsàn, mẹ́rin náà ni. Mo lọ sọ fún lẹ́mọ́mù, ó ní kí n máa ṣe àsálátù. Rim sùn lọ́dọ̀ wa, lórí ibùsùn rẹ. Ó béèrè ẹni tó ni àwọn ìwé orí pẹpẹ, ìyá rẹ sì sọ fún un.

Nígbà tó kà á tán, ó pe gbogbo wa jọ, ilé ìkẹ́rùsí kún. Munji náà wá, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá. Rim ta aṣọ funfun kan sára ògiri, ìlà ìlà ló wà níbẹ̀, bí ẹni tó ń to ìran baba àti ọmọ. Ó ní kòkòrò àìrí kan ni, kò ṣeé fojú rí, pé bó bá ti ti ara igi kan bọ́ sí òmíràn ni yóò máa ṣi lẹ́tà kan tàbí méjì kọ, bí òun ṣe ń mọ ẹni tó jẹ́ ọmọ ẹni nìyẹn. Ó ní kòkòrò tó wà nínú oko mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ilé kan ni wọ́n ti jáde. Ó fi igi tọ́ka sí ìdí gbogbo ìlà náà, ó ní nọ́ńbà kẹtàdínlógún ni.

Wasila, mo dìde. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Rim àti ẹ̀rọ rẹ̀. Mo ní òótọ́ ni, ilé bàbá mi ni ìpìlẹ̀ ìlú yìí láti ọjọ́ tó ti pẹ́, àwọn kan ń jiyàn, ẹ wá rí i báyìí pé ìmọ̀ òde òní náà gbà bẹ́ẹ̀. Mo ní màá pa àgbò. Mo wò yíká kí n lè rí ẹni tí yóò kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Wọ́n ń wo ilẹ̀. Rim bá rìn wá bá mi, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní Bàbá Hamadi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó.

Ó wá ṣàlàyé. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Kóró ni bàbá mi fi gbin Hájà, gbòǹgbò ara rẹ̀ ló dúró lé, kòkòrò náà ti ń gbé inú rẹ̀ tipẹ́ láìdà á láàmú. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá mú ọ̀mùnú rẹ̀ lọ́ mọ́ gbòǹgbò ọsàn kíkan, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é níbí, igi yẹn yóò kú, ì báà pẹ́ ì báà yá. Rim ní bí kò bá jẹ́ pé mo kó ewé tó dára wá, kò sí ẹni tí ì bá wò ó. Ó sì ti ka fọ́ọ̀mù gbogbo wọn, níbi tí wọ́n ti bi wọ́n pé níbo ni ẹ ti mú ọ̀mùnú, gbogbo wọn kọ ọ́ pé lára Hájà Hamadi.

Ọwọ́ mi ló lọ́ gbogbo igi wọn. Bí wọ́n bá bímọ, ọ̀mùnú Hájà ni mo ń gbé lọ. Bí wọ́n bá kọ ọmọ nílà, bí ẹnìkan bá ti Mẹ́kà dé, bí ìyàwó bá wọlé, èmi àti ọ̀bẹ mi la máa kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà wọn. Mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ń sọ pé ọwọ́ Hamadi dára, pé kò lọ́ igi kí ó má mú, ara mi á sì máa yá gágá.

Rim tún ka igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Munji kó ti Ítálì bọ̀. Wọ́n mọ́. Kò sí nǹkan kan nínú wọn. Àwọn igi Munji mẹ́fà tó kú, èmi ni mo lọ́ wọn fún un lọ́jọ́ tí wọ́n sọ Anis lórúkọ. Gbogbo ojú yí sẹ́yìn lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó dé fìlà pupa rẹ̀, ó gbé àga rẹ̀ ti ara ògiri, ó jáde. Ì bá sàn fún mi kí ó bú mi.

Mo bẹ Rim kí ẹ̀rọ náà tún un kà, bóyá ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ilé ìkẹ́rùsí yẹn ṣókùnkùn. Ó tún un kà. Ó tún ní gbogbo ẹni tó bá ní irú ẹ̀rọ yìí káàkiri ayé ló lè wo ohun tí òun bá kọ sílẹ̀, kí wọ́n fi wé tiwọn. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó bo orúkọ wa, torí mi ò fẹ́ kí ọkùnrin kan ní ilẹ̀ Brasil tí mi ò mọ̀ rí máa sọ ọ̀rọ̀ Hájà lẹ́nu. Ó ní orúkọ kò sí níbẹ̀, nọ́ńbà ni. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ ìwúlò nọ́ńbà.

Mo délé, mo rò ó, mo rí i pé ó ní ọ̀nà àbáyọ. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe, pé níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ ti wẹ Munji mọ́, mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Lọ́la ni màá wọ aṣọ òtútù mi tó dára, màá gbé ṣúgà àti ìgò omi òdòdó kan dání, màá lọ sọ fún un pé Fátíhà tí a kà ṣì wà níbẹ̀, kí wọ́n wá mú ọjọ́, kí Anis múra, Wasila á wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo ti ń wo ibi tí àwọn àlejò yóò jókòó sí. Ìyá rẹ ń bó ẹ̀wà. Ó wò mí títí. Ó bi mí pé ṣé mi ò ní etí ni. Ó ní Anis ti gbéyàwó ní Sfax láti ọdún tó kọjá, ìyàwó ti bímọ nínú oṣù ààwẹ̀, obìnrin ni ọmọ. Mo ní ta ló sọ fún un. Ó ní gbogbo ìlú. Mo wá ní kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi. Ó ní ẹnu ta ni yóò là láti dárúkọ Munji níwájú rẹ, Hamadi? Lẹ́yìn náà ló wá sọ fún mi pé ìwọ fúnra rẹ hun aṣọ ìbora fún ọmọ náà, o fi rán an, òun sì gbé e lọ sílé Munji lábẹ́ ìborùn lọ́jọ́ tí mo lọ sọ́jà.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, Wasila. Ìyá rẹ ń bó ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Mo ṣì lọ sí ilé Munji. Ó ṣílẹ̀kùn, ó sì gbé kọfí fún mi bí ẹni pé àná la jókòó kẹ́yìn. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní ti igi, òun kò bínú, igi ń kú. Ó ní ti ọdún mẹ́ta tí òun ń nìkan mu kọfí, pé inú òun bàjẹ́ púpọ̀, pàápàá ti òkú ìyá òun, ṣùgbọ́n ó ti rẹ òun láti máa bínú, kí Ọlọ́run dárí jì wá. Ó ní èyí tó kù, ti ọmọ méjèèjì, òun kọ́ ló ni ín, òun ò lè fi jì mí, kí n lọ bẹ ọmọ mi. A mu kọfí náà tán. Ó béèrè pé báwo ni o ṣe wà. Mo ní o wà dáadáa, bẹ́ẹ̀ mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni mo sọ.

Lẹ́yìn rẹ̀ mo gba ilé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ní kí wọ́n hú èyí tó bá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi, kí wọ́n sì má já ọ̀mùnú Hájà mọ́. Àwọn kan fún mi lómi mu. Ẹnìkan tilẹ̀kùn mọ́ mi lójú, mi ò bá a wí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo gé Hájà. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí ẹlẹ́rọ ìgégi ṣe é, mo kọ̀. Ó tanná gbogbo lọ́jọ́ náà, kò sí ewé kan tó pọ́n lára rẹ̀, àwọn oyin ò mọ ibi tí wọn yóò gbà. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni mo fi gé e, mo sì sun ún. Ìyá rẹ ti fèrèsé pa.

Ní ti owó, Wasila, ǹ bá má béèrè. Igi tuntun tí wọ́n ń tà fún wa ní ìwé ìdánimọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀, orúkọ ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò wà níbẹ̀, èmi gan-an mi ò ní ìwé tó dára tó bẹ́ẹ̀. Ìjọba san ìdajì, ìdajì kù. Bí nǹkan bá ṣẹ́kù lẹ́yìn owó ilé rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́. Mẹ́fà àkọ́kọ́, oko Munji ni màá gbìn wọ́n sí, mo ti gbẹ́ ihò wọn. Fi oògùn orúnkún ìyá rẹ sí i. Bí kò bá sí, má yá owó nítorí wa.

Èyí tí mo tìtorí rẹ̀ kọ ìwé rèé. Mo ṣẹ̀ ọ́. Mi ò ní ẹ̀rí lọ́wọ́ nígbà tí mo tú Fátíhà ká, ẹnu mi nìkan ni mo ní, mo sì lò ó. Mo bẹ̀ ọ́, ọmọ mi. Mi ò ní kí o dáhùn kíákíá. Bí o bá fẹ́ wá bínú sí mi lójúkojú, wá, ìyá rẹ ní òun á lọ sí ilé àbúrò òun lọ́jọ́ náà kí àyè lè gbà ọ́.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọwọ́ rẹ mú ohun rere. Kí ó fi ẹni tí yóò mọ iyì rẹ pàdé rẹ, kí ó má jẹ́ kí ó pẹ́ jù. Ẹni tí o bá mú wá, èmi ni màá ṣílẹ̀kùn fún un, mi ò sì ní béèrè irú igi tó wà nínú oko bàbá rẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Hamadi.